Kí Àyè Àfikún Má Sọnù Lójú Ọ̀nà: Fífi Lọ́ọ̀gì Sáfà Ránṣẹ́ sí Ibùdó Àárín ní Johannesburg

Lọ́ọ̀gì sáfà ni àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tó wọlé, aago tó wọlé, ohun tó béèrè, bóyá ó rí i gbà tàbí wọ́n dá a padà. Ọ̀pọ̀ jù lọ sáfà ló ń kọ ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a tún máa fi àyè tirẹ̀ kún un. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná á fi nọ́ńbà mítà sí i, báǹkì á fi ẹ̀ka àti nọ́ńbà ìdúnàádúrà sí i, ilé ìwòsàn á fi nọ́ńbà fáìlì aláìsàn sí i. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní àyè àfikún níbí. Òun náà ló sì máa ń sọnù jù nígbà tí lọ́ọ̀gì bá kúrò lórí sáfà tó kọ ọ́, tó ń lọ sí ibùdó àárín tí gbogbo lọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ ń wọ́ jọ sí. Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀gì á dé, orúkọ sáfà á dé, nọ́ńbà mítà kò ní dé. Níwọ̀n bí lọ́ọ̀gì ti ṣáà ń wọlé, kò sẹ́ni tó máa fura, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá nọ́ńbà náà tì.

Ní Johannesburg, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ní July 25, 2019, àwọn ọ̀daràn fi sọ́fítíwia tó ń ti dátà pa títí wọn á fi gbowó kọ lu City Power, ilé iṣẹ́ iná ìlú náà. Àwọn oníbàárà tó ń san owó iná ṣáájú fẹ́ ra iná, wọn ò rí i rà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ní October 24, tí àwọn kan tó pe ara wọn ní Shadow Kill Hackers fi sọ pé àwọn ti wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú, tí wọ́n sì béèrè bitcoin 4. Ìjọba ìlú fọwọ́ ara rẹ̀ ti ojú òpó rẹ̀ àti ètò ìsanwó pa, kò sì san kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn olùwádìí ni pé: àkáǹtì wo ni wọ́n bá wọlé, láti ibo, kí ni wọ́n fọwọ́ kàn? Lórí sáfà tí wọ́n kọ lù, ẹni tó wọlé ti lè nu ipasẹ̀ rẹ̀. Ibùdó àárín ló kù tí a lè bi, inú àyè àfikún sì ni púpọ̀ nínú ìdáhùn náà máa ń wà.

Bí òfin ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà hàn nínú ẹjọ́ kan ní South Africa. Ní September 2021, irú ìkọlù tó kan City Power bá ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́. Information Regulator, àjọ tó fi Johannesburg ṣe ibùjókòó, tó sì ń mú òfin ààbò dátà, ìyẹn POPIA, òfin 4 ti 2013, ṣẹ, tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ó rí i pé ẹ̀ka náà kò sọ ìwé àṣẹ ìlò sọ́fítíwia mẹ́ta dọ̀tun: ti agbógunti-fáírọ́ọ̀sì, ti èyí tó ń ṣọ́ àwọn tó bá fẹ́ já wọlé, àti ti SIEM, ibùdó àárín tí lọ́ọ̀gì ń pé jọ sí. Ti SIEM ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2020. Àjọ náà pàṣẹ ní May 2023 pé kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí àṣẹ náà kò ṣẹ ní àkókò tó dá, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 rand lé ẹ̀ka ìjọba náà ní July, ìtanràn àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin yẹn. Àìsí ibùdó àárín ni ẹ̀sùn níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ibùdó, tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà oníbàárà kò dé inú rẹ̀, sàn díẹ̀ ju ẹ̀ka yẹn lọ, kò sì ju díẹ̀ náà lọ.

Ìdí tí àyè fi ń sọnù ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, ní Yunifásítì California ní Berkeley, Eric Allman ṣe syslog fún Sendmail, sọ́fítíwia ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀. Ìlà kan péré ni lọ́ọ̀gì rẹ̀: nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó àti ẹ̀yà tó ti wá, aago, orúkọ kọ̀ǹpútà, orúkọ sọ́fítíwia, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ṣáá. Àyè tó lórúkọ kò sí níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nígbà yẹn. Gbogbo ayé gba ìlànà yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin. August 2001 ni wọ́n tó ṣe RFC 3164, ìwé tó kàn ń ròyìn ohun tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe. Lọ́ọ̀gì inú ìwé náà kò gbọdọ̀ ju báìtì 1024, aago rẹ̀ kò sì ní ọdún, kò ní àmì agbègbè àkókò. Ní March 2009, RFC 5424 tí Rainer Gerhards kọ fi àyè tó lórúkọ sínú àkámọ́ onígun. Orúkọ àkámọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lẹ́yìn, tí àjọ IANA ń fúnni, kí àyè ilé iṣẹ́ kan má baà forí gbárí pẹ̀lú ti òmíràn. Wọ́n ya nọ́ńbà 32473 sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé. Ìlànà tuntun wà, ìlànà àtijọ́ kò sì kú. Láàárín àwọn méjèèjì ni àyè àfikún ti ń há.

Kí a mú sáfà kan tó ń ta iná ní Johannesburg ṣe àpẹẹrẹ. Sọ́fítíwia ìsanwó kọ ìlà yìí ní ìlànà tuntun:

<134>1 2025-03-14T08:15:02.417+02:00 titaja1 isanwo 2211 - [tita@32473 mita="04123456789" agbegbe="Randburg" iduna="JHB-0071"] Owó wọlé

Nọ́ńbà 134 ni ẹ̀yà 16, ìyẹn local0, lọ́nà 8, pẹ̀lú 6 tó ń sọ pé ìròyìn lásán ni, kì í ṣe ewu. Mítà, agbègbè àti nọ́ńbà ìdúnàádúrà wà nínú àkámọ́, wọ́n pé. Rsyslog, sọ́fítíwia tó ń gbé lọ́ọ̀gì lórí ọ̀pọ̀ Linux, gba ìlà náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí ibùdó àárín. Bí ẹni tó tò ó kò bá sọ irú àwòṣe tó fẹ́, èyí ni yóò dé òdìkejì:

<134>Mar 14 08:15:02 titaja1 isanwo[2211] Owó wọlé

Ọdún ti lọ. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ. Àmì agbègbè àkókò ti lọ. Àkámọ́ ti lọ pátápátá pẹ̀lú gbogbo ohun inú rẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan, nítorí pé lójú sọ́fítíwia náà, kò sí ohun tó bàjẹ́. RSYSLOG_TraditionalForwardFormat ni orúkọ àwòṣe tó lò, àwòṣe tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn sáfà àtijọ́ lè ka ohun tí wọ́n bá gbà. Ó tún ń gé orúkọ sọ́fítíwia sí àmì 32, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣàkíyèsí títí orúkọ méjì tó gùn á fi di ọ̀kan náà ní ibùdó. Àwòṣe tó ń gbé àkámọ́ kọjá ni RSYSLOG_SyslogProtocol23Format. Nọ́ńbà 23 inú orúkọ rẹ̀ wá láti ìgbà tí RFC 5424 ṣì jẹ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ti tún kọ títí dé ẹ̀dà 23. Àṣẹ kan ṣoṣo nínú fáìlì ìṣètò ló ń yí ọ̀kan padà sí èkejì.

Ẹni tó bá yí i padà lórí sáfà tó ń ránṣẹ́ tún lè pàdánù àyè náà ní ibùdó, nítorí pé àwòṣe tí rsyslog fi ń kọ lọ́ọ̀gì sínú fáìlì níbẹ̀ kò kọ àkámọ́ bí wọn kò bá ní kí ó kọ ọ́. Bí sáfà agbedeméjì bá sì wà, ìyẹn tún ní àwòṣe tirẹ̀. Sáfà agbedeméjì kì í fi àpòòwé tó gbà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó máa ń ṣí i, ó ń ka lẹ́tà, ó ń kọ òmíràn, ohun tí wọn kò bá ní kí ó kọ, kò ní kọ. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní Sandton, tó ní ẹ̀rọ àgbékalẹ̀ ní Isando níbi tí Teraco kọ́ ilé ńlá tó gba sáfà sí, tó sì ń fi ẹ̀dà lọ́ọ̀gì sí Azure tí Microsoft ṣí ní Johannesburg ní March 2019, tàbí sí ti Google tó ṣí ní January 2024, ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àyè ní láti gbà kọjá. Kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Àyè tó bá sọnù ní ẹnu ọ̀nà kejì, ìkẹta kò lè dá a padà.

Lórí Linux òde òní, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Journald ti systemd máa ń pa lọ́ọ̀gì mọ́ pẹ̀lú àyè tó lórúkọ: sọ́fítíwia lè kọ MESSAGE, PRIORITY, kí ó sì kọ MITA tàbí AGBEGBE tó fi kún un. Journald fúnra rẹ̀ á fi _PID, _UID àti _HOSTNAME sí i. Àmì ìlà ìsàlẹ̀ iwájú wọn fi hàn pé òun ló kọ wọ́n, sọ́fítíwia kò lè parọ́ wọn. Ibi ìpamọ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí journald ta lọ́ọ̀gì rẹ̀ sí syslog lọ́nà àtijọ́, ọ̀rọ̀ inú MESSAGE àti díẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló ń kọjá. MITA dúró sórí díìskì sáfà náà, ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ á rí i, ibùdó kò ní rí i láéláé. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí rsyslog fi modulu imjournal ka ibi ìpamọ́ náà tààrà, kí ó sì kó gbogbo àyè sínú JSON kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Bí ibùdó bá ń fi mmjsonparse tú JSON náà, ó ń retí àmì @cee: níwájú rẹ̀; bí àmì náà kò bá sí, ó kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, gbogbo àyè á sì wà pọ̀ nínú okùn ọ̀rọ̀ gígùn kan tí a kò lè fi orúkọ wá. Àmì márùn-ún yẹn lè fa wàhálà púpọ̀ lórí irú ètò yìí.

Láàárín àkámọ́ RFC 5424 àti JSON, àwọn onímọ̀ kì í fohùn ṣọ̀kan. JSON rọrùn, àyè inú àyè lè wà nínú rẹ̀, gbogbo ibùdó òde òní ló mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí kò hàn títí ọ̀rọ̀ á fi gùn. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní ìwọ̀n tó ń gbà: RFC 5424 sọ pé olùgbà gbọ́dọ̀ lè gba báìtì 480, ó sì yẹ kí ó lè gba 2048, rsyslog fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan bí báìtì 8,000 bí wọn kò bá fi kún un. Nígbà tí ìlà bá gùn jù, ìparí rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Nínú RFC 5424, àkámọ́ ló ṣáájú ọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni ọ̀bẹ ń bà. Nínú JSON, àmì ìpadé tó parí rẹ̀ ni ọ̀bẹ á gé, sọ́fítíwia tó ń tú u á sì kọ̀ láti gba gbogbo rẹ̀, àti èyí tó pé àti èyí tí kò pé. Fún àyè mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ilé iṣẹ́ kò lè ṣe aláìní, àkámọ́ ṣì dára jù. Fún àyè tó pọ̀ bí ewé, JSON ni, lórí TCP, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n ti gbé sókè ní gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kan ẹni tó ń kọ orúkọ Yorùbá lọ́nà pàtó. Ìwé 2001 retí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, lẹ́tà kan báìtì kan. Nínú UTF-8, ọ́ tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ gba báìtì 5. Orúkọ bí Ọláńrewájú nínú àyè oníbàárà lè jẹ́ ibi tí gígé bọ́ sí, tí ìdajì lẹ́tà á kù, tí sọ́fítíwia tó ń kà á á sì sọ pé gbogbo ìlà náà ti bàjẹ́. Àwọn àmì kan tún wà tó ń yí padà lójú ọ̀nà: rsyslog máa ń sọ àmì ìlà tuntun di #012, ó ń sọ táàbù di #011. Lórí TCP tí àmì ìlà tuntun jẹ́ òpin lọ́ọ̀gì, àyè tó bá ní ìlà méjì nínú á pín lọ́ọ̀gì kan sí méjì, èkejì kò sì ní orí. RFC 6587 ṣàlàyé ọ̀nà míràn, pé kí olùránṣẹ́ kọ iye báìtì síwájú lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Nínú àkámọ́, àmì àyọlò, àmì \ àti àkámọ́ ìparí gbọ́dọ̀ ní \ níwájú wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè á parí níbi tí kò yẹ. Ní ti UDP lórí ojú ọ̀nà 514, ó lè sọ odindi lọ́ọ̀gì nù láìsí ìró. TLS lórí ojú ọ̀nà 6514 kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń bo àyè náà mọ́lẹ̀ lójú àwọn tó ń yọjú.

Àyè tó dé kì í ṣe àyè tó pé dandan. Mítà tó ń lo iná àsanṣáájú ní Johannesburg ń tẹ̀lé ìlànà STS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa, tó wá di IEC 62055-41 fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń ra iná ní Ìbàdàn àti Èkó náà mọ tókìn rẹ̀, nọ́ńbà 20 tí wọ́n ń tẹ̀ sí mítà. Bíìtì 66 ló wà lábẹ́ nọ́ńbà 20 yẹn. JavaScript àti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia tó ń ka JSON kò lè gbé nọ́ńbà tó bá ju 9,007,199,254,740,991 láìṣìnà. 12345678901234567890 tó wọlé síbẹ̀ láìsí àmì àyọlò á jáde bí 12345678901234567000. Ibi ìpamọ́ tó gba bíìtì 64 pàápàá kéré sí i. Ẹni tó ń yẹ tókìn oníbàárà wò ní ibùdó á rí nọ́ńbà 20, ojú rẹ̀ á balẹ̀, nọ́ńbà náà kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ South Africa náà bẹ́ẹ̀: 13 ni, mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún, oṣù àti ọjọ́ ìbí. Ti ẹni tí wọ́n bí ní 2004 ń fi 04 bẹ̀rẹ̀. Bí ibùdó bá kà á sí iye, òdo á ṣubú, nọ́ńbà 12 á kù. Ohunkóhun tí a kì í fi ṣírò, kí a fi àmì àyọlò sí i láti orísun. Ẹnìkan kì í ro mítà méjì pọ̀.

Àkókò tí irú àyè yìí ṣe pàtàkì jù kò tíì pẹ́. Tókìn STS ń ka ìṣẹ́jú láti January 1, 1993, bíìtì 24 ni wọ́n fún kíkà náà, ó sì kún ní November 24, 2024. Mítà tí wọn kò tíì tẹ tókìn ìyípadà kọ́kọ́rọ́ méjì sí kí ọjọ́ náà tó pé kò ní gba iná tuntun mọ́. Fún ilé iṣẹ́ iná lásìkò yẹn, lọ́ọ̀gì títà tí kò ní àyè tó ń sọ bóyá mítà náà ti kọjá sí kọ́kọ́rọ́ kejì kò wúlò fún ẹni tó ń dáhùn ìpè oníbàárà tó wà nínú òkùnkùn.

Ibùdó fúnra rẹ̀ ń dá irú àyè mọ̀ lọ́nà tó lè yani lẹ́nu. Elasticsearch, tí ọ̀pọ̀ ibùdó dúró lé lórí, ń wo lọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tó bá ní àyè kan, ó sì ń pinnu látorí rẹ̀ bóyá iye ni, ọ̀rọ̀ ni tàbí ọjọ́. Bí lọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ bá ní ohun tó jọ ọjọ́ nínú àyè ìtọ́kasí, àyè náà di ọjọ́. Lọ́ọ̀gì kejì tó ní JHB-0071 á di èyí tí wọ́n kọ̀. Ó sì ní ààlà àyè 1,000 fún ibi ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan bí wọn kò bá yí i padà, nítorí náà sọ́fítíwia tó ń sọ nọ́ńbà mítà di orúkọ àyè, dípò ohun inú àyè, lè fi mítà ẹgbẹ̀rún kan dí ọ̀nà fún gbogbo ilé iṣẹ́. Kí a kọ irú àyè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ibùdó kí lọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tó wọlé ni ojútùú rẹ̀.

Orúkọ náà ń fa ìjà. GELF, ìlànà lọ́ọ̀gì ti ibùdó Graylog, fẹ́ kí àyè àfikún kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìlà ìsàlẹ̀, àmì kan náà tí journald fi ń ṣe nǹkan míràn pátápátá. Graylog kò sì gba _id. Ẹni tó bá pe àyè oníbàárà rẹ̀ ní id lásán á wá a tì. Filebeat, tó ń ka fáìlì lọ́ọ̀gì fún Elasticsearch, máa ń kó àyè àfikún sábẹ́ orúkọ fields, nítorí náà agbegbe di fields.agbegbe. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ó sọnù, ó sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yí fields_under_root sí true, ó padà sókè, ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti àyè tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Orúkọ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́, bíi cp_mita, ń gba ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Lórí Windows, ọ̀nà yàtọ̀. Lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ XML, àyè inú EventData sì ní orúkọ, bí wọ́n bá fi Windows Event Forwarding gbé e lọ, ó ń dé pẹ̀lú orúkọ náà. Ewu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó bá tún fi sọ́fítíwia míràn sọ XML yẹn di syslog lásán. Sáfà IIS ti gba àyè àfikún láti ẹ̀dà 8.5, X-Forwarded-For, tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́, ló wọ́pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n bá fi í kún un, IIS á fi _x sí ìparí orúkọ fáìlì, sọ́fítíwia tó ń ka fáìlì pẹ̀lú ètò òpó àtijọ́ á sì máa ka òpó kan ní orúkọ òmíràn.

Aago náà jẹ́ àyè. Johannesburg fi wákàtí kan ṣáájú Èkó, kì í sì í yí aago padà nígbà òtútù tàbí ooru. Ilé iṣẹ́ tó ní sáfà ní ìlú méjèèjì, tó ń lo ìlànà àtijọ́ tí kò ní àmì agbègbè àkókò, á rí ìdúnàádúrà tó parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Load shedding, ìdíwọ́ iná tó ń pa agbègbè kan fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tún mú un le sí i. Bí ọ̀nà sí ibùdó bá já, lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tò sórí díìskì sáfà, kí wọ́n sì lọ nígbà tí iná bá dé. Ìlà ìdúró rsyslog tó wà nínú ìrántí nìkan á lọ bí sáfà bá kú. Èyí tó ní fáìlì á dúró. Nígbà tí lọ́ọ̀gì wákàtí méjì bá dà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ibùdó tó bá lo aago ìgbà tó gbà á á ní gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Aago ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti aago ìgbà tó dé yẹ kí wọ́n jẹ́ àyè méjì.

Kì í ṣe gbogbo àyè ló yẹ kó rìnrìn àjò. POPIA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú ṣẹ ní July 1, 2021, fẹ́ kí ilé iṣẹ́ dáàbò bo dátà ènìyàn ní apá 19, kí ó ròyìn bí ó bá jò ní apá 22, kí ó má sì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láìsí ìdí tó bá òfin mu ní apá 72. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 10 rand. Odindi nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú lọ́ọ̀gì máa ń wà lórí sáfà, lórí ìlà ìdúró agbedeméjì, ní ibùdó àti nínú ẹ̀dà ìpamọ́. Òfin á béèrè nípa ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orísun ni ibi tí a ti ń bò ó, kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà kankan kọjá: nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn tó fún ẹni tó ń wá àkáǹtì. Ní ìdàkejì, òfin ìdúnàádúrà orí ẹ̀rọ ti 2002 ní apá 15 sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá ń wọn ẹ̀rí dátà, á wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, bí wọ́n ṣe pa á mọ́, bí wọ́n ṣe gbé e láti ibì kan dé òmíràn. Àyè tí wọ́n fi ọwọ́ kàn lójú ọ̀nà, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án, ń dín ìwúwo ẹ̀rí kù.

Àyẹ̀wò ni ohun tó kù. Lọ́ọ̀gì tó ń wọlé kò fi hàn pé àyè ń wọlé. Ìlà àyẹ̀wò kan ló ń fi hàn. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń ní ìlà kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti sáfà kọ̀ọ̀kan ní gbogbo òwúrọ̀, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, tí òmíràn gùn tó nọ́ńbà 20, tí ó ní àmì àyọlò àti àkámọ́ nínú, tí ó ní orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju báìtì 2048 lọ. Ní ibùdó, sọ́fítíwia kékeré kan á fi ohun tó dé wé ohun tí wọ́n rán, báìtì sí báìtì. Àyẹ̀wò kejì rọrùn jù: kíka iye lọ́ọ̀gì ìsanwó tí àyè mítà rẹ̀ ṣófo ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn máa ń dúró síbì kan. Ọjọ́ tó bá fò sókè, ẹnìkan ti ṣe ìmúdọ̀tun sọ́fítíwia, tàbí ti fi sáfà agbedeméjì tuntun sí i láìgbé fáìlì ìṣètò dání. Àwọn tó ń ṣọ́ ibùdó lálẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ gbogbo àyè, irú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà àti ẹni tó ni ín nínú ilé iṣẹ́, lórí ìwé kan tí wọ́n ń yí padà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá yí sọ́fítíwia padà.